Àmì Orí Orúkọ

Ní Ṣómólú, ilẹ̀ kì í ṣú kí ẹ̀rọ má kígbe.
Ìwé ìpè ìgbéyàwó lókè, ìwé ètò ìsìnkú nísàlẹ̀,
íńkì kan náà la fi ń tẹ méjèèjì.
Èmi ni mo ń tẹ̀ wọ́n
láti ọjọ́ tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú apá ọ̀tún bàbá mi,
tí ó mú ìdajì ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lọ pẹ̀lú.

Bàbá a máa jókòó lórí páálí bébà lẹ́nu ọ̀nà,
yóò máa fi etí yẹ ẹ̀rọ wò.
Bí bẹ́líìtì bá fẹ́ já, ọ̀pá rẹ̀ ti gbá ilẹ̀
kí èmi tó gbọ́ ohunkóhun.
Fọlárìn wà ní kíláàsì àṣekágbá.
Bàtà Àìná ti lanu, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi láràárọ̀.
Ta ni kí n fà wọ́n lé lọ́wọ́?

Lábẹ́ ẹní mi, lẹ́tà kan wà láti Ifẹ̀.
Wọ́n ní kí n wá kọ́ṣẹ́ ọnà,
kí n wá kọ́ bí a ṣe ń ya lẹ́tà láti ìpilẹ̀:
ikùn b, ìrù g,
àmì abẹ́ ṣ tí kò gbọdọ̀ dà bí ìgbẹ́ eṣinṣin.
Ọjọ́ Ẹtì ni owó gbọ́dọ̀ wọlé.
Mo ti ń kó o jọ sínú agolo mílíìkì,
n kò sọ fún ẹnìkan.

Ọjọ́ Ajé ni Dúródọlá dé
pẹ̀lú igba ìwé tí mo ti tẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀.
Ó gbé e kalẹ̀ bí ẹni gbé òkú ẹlòmíràn kalẹ̀.
"Ìyá mi kọ́ nìyí."
Mo wo fọ́tò. Mo wo orúkọ: IBIDUN.
"Kà á bí o ṣe tẹ̀ ẹ́."
Mo kà á, ahọ́n mi wúwo.
Ibi dùn.
"Obìnrin tó gbẹ̀bí fún ọgbọ̀n ọdún ní Bàrígà!
Ìbí ni. Ìbí ló dùn.
Ṣé kí gbogbo ìjọ ka eléyìí sókè lójú pósí?"

Mo fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé ń kọ ọ́,
pé kò sí oníbàárà tí ń san owó àmì.
Ì bá sunkún, ǹ bá ti rí nǹkan sọ.
Kò sunkún. Ó kàn ń fi èékánná họ íńkì
kúrò lórí orúkọ ìyá rẹ̀.

Mo ṣí agolo náà.
Bébà. Pléètì. Íńkì dúdú. Epo jẹnẹrétọ̀.
Ẹ bọ́ àmì kúrò lórí Ifẹ̀, ẹ bọ́ ọ kúrò lórí ìfẹ́,
kí ẹ wá fi èyí tí mo fi owó mi rà hàn mí.

Ó dúró, ó ń bá mi ká ìwé títí aago mọ́kànlá fi lù.
Nẹ́pà mú iná lọ, ẹ̀rọ dákẹ́,
atẹ́gùn ọ̀sà gba ojú fèrèsé wọlé.
"Ibí dùn," ni ó wí,
kò tilẹ̀ mọ ohun tí ó sọ.

Bàbá fi àtàńpàkò òsì pa ojú ìwé tuntun náà.
Ó na ọ̀pá sí yàrá ẹ̀yìn, síbi ẹní mi.
Ó ti mọ̀ látijọ́.
Ọ̀rọ̀ kan bọ́ lẹ́nu rẹ̀, bí èyí tí a tẹ̀ láìfi àmì sí:
lọ, àbí lọ̀?
Kí n máa lọ ni,
àbí kí n fi ohun tó wà lọ́kàn mi lọ̀ ọ́?
Mo bi í. Ó tún un sọ. Bákan náà ló rí.

Ọjọ́ Ẹtì, ìjọ dìde, wọ́n pe Ìbídùn bó ṣe tọ́.
Dúródọlá wẹ̀yìn, ó ń wá ojú ẹnìkan.
Ẹ̀yìn pátápátá ni mo wà, íńkì lábẹ́ èékánná mi,
lẹ́tà Ifẹ̀ nínú àpò, ìdajì owó.
Aago méjì ti lù.
Aago mẹ́rin ni báńkì ń tì.